Báwo ni a ṣe ń mú ohun tíńtín dúró gbọin-gbọin nígbà tí a bá ń fín lẹ́tà sí i lára?

Àdùkẹ́ Oníyẹtí (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí ní Ìbàdàn, ọdún keje sì rèé tí mo ti ṣe fírídọ̀mù tí mo ń dá dúró. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ mi ni yẹtí kéékèèké fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, èyí tí àwọn ìyá wọn máa ń rà kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Pẹlẹbẹ wúrà róbótó ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 5, nínípọn rẹ̀ kò tó mílímítà kan, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ ihò etí sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni àwọn oníbàárà ti ń bẹ̀ mí pé kí n máa fín lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọmọ sí iwájú yẹtí náà. Gíga lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò ju mílímítà 2 lọ. Fínfín fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi, nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń fín orúkọ sára òrùka ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n òrùka ní ara tí ènìyàn lè dì mú, yẹtí yìí kò ní.

Mo kọ́kọ́ fi fáìsì, irin ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń há nǹkan, mú un, mo sì fi awọ tẹ́ ẹnu fáìsì náà. Bí mo bá fún un pọ̀ díẹ̀, pẹlẹbẹ náà á tẹ̀. Bí mo bá dẹwọ́, á yí. Ẹnu fáìsì tún ga ju ojú yẹtí lọ, irin ìfín mi kò sì lè rìn dé etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yọ́ àbẹ́là sórí igi, mo sì rì í sínú rẹ̀. Ní àárọ̀ ó ń dúró, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú tán ní ọ̀sán, àbẹ́là náà á rọ̀, yẹtí á sì máa sún díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ irin. Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn ni pé mo lu ihò fún ọ̀pá rẹ̀ lára pátákó, mo sì fi súpá-gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ìlà méjì àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tí mo dé ìlà kẹta, yẹtí náà ṣí lójijì, irin ta kúrò lójú ibi tó wà, ó sì fa ìlà gbọọrọ já ojú rẹ̀ láti ìgbátí kan dé èkejì. Ṣe ni mo yọ́ ọ padà. Ẹ mọ iye tí wúrà ń lọ lásìkò yìí. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀.

Ohun kan tún wà tí n kò lóye. Nígbà mìíràn tí ó dà bíi pé ó dúró dáadáa, bí mo bá fi awò ojú wò ó tán, mo máa ń rí i pé ìlà náà wọ́, ó ń lọ bí ejò. N kò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n tàbí yẹtí ló ń mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fín ohun kéékèèké, kí ni ẹ fi ń mú un?

Bàbá Fàdákà (Èkó)

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń fi irú rẹ̀ pamọ́ tí wọn kì í sì í rí ìdáhùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ yí padà ni ọ̀rọ̀ náà, dídì mú. Ohun tó bá kéré báyìí, a kì í dì í mú láti ẹ̀gbẹ́. Ibùsùn ni a ń tẹ́ fún un. Bí fáìsì bá fún un láti ẹ̀gbẹ́ méjì, àárín rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, irin rẹ yóò sì máa tẹ ibi tí kò sí ohun tó gbà á dúró nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan nǹkan líle, tí nǹkan líle náà sì wúwo, yẹtí náà ti di ara ohun ńlá, ohun ńlá kì í sì í sá fún irin.

Ṣẹ́láàkì ni àwa fi kọ́ṣẹ́, òun náà ni mo ń lò títí di òní. Èyí náà ni àwọn káfíntà máa ń yọ́ sínú sípíríìtì láti fi dán àga, nítorí náà kò ní ṣòro fún ọ láti rí rà. Kòkòrò kékeré kan ní ilẹ̀ Íńdíà àti Thailand ló ń sun ún sára ẹ̀ka igi, àwọn ènìyàn a sì há a, wọn a yọ́ ọ, wọn a sẹ́ ẹ. Kí ooru tó tó 80°C ni ó ti ń rọ̀, bí ó bá sì tutù, ó ń le bí èékánná.

Gé igi líle kan, bí ìrókò tàbí apá, kí ó kún ọwọ́ rẹ dáadáa, kí orí rẹ̀ sì tẹ́jú. Fi ayùn ha orí náà kí ó rí gbágungbàgun, kí ṣẹ́láàkì lè rí ibi dì mọ́. Yọ́ ṣẹ́láàkì náà lórí iná fìtílà sípíríìtì, kì í ṣe lórí iná tó ń rú èéfín, má sì ṣe jẹ́ kí ó hó, nítorí pé bí ó bá ti hó, ihò afẹ́fẹ́ yóò wà nínú rẹ̀, yóò sì máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Fún ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa, mo máa ń po ìyẹ̀fun POP, irú èyí tí àwọn onísílíìnì ń lò, mọ́ ọn títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ìyẹ̀fun yìí ni kì í jẹ́ kí ó rọ̀ ní ọ̀sán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti ń ṣe àṣìṣe nìyí: wọn a mú ṣẹ́láàkì gbóná, wọn a sì ki wúrà tútù bọ̀ ọ́. Wúrà tútù kò ní jẹ́ kí ó lẹ̀. Yóò kàn bò ó bí èèpo ni, bí irin bá sì ti kàn án, yóò ṣí pẹ́ú. Mú yẹtí náà gbóná pẹ̀lú, débi tí ìka rẹ kò ní lè gbà á mọ́, kí o wá fi ẹ̀mú tì í wọlé, kí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ rì sínú rẹ̀ pátápátá. Fi ìka tí o ti rì sínú omi tún etí rẹ̀ ṣe, kí ṣẹ́láàkì náà gun ìgbátí yẹtí díẹ̀, bí a ti ń kó èèpẹ̀ jọ sí ìdí igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀.

Bí o bá parí, mú un gbóná díẹ̀, yóò jáde. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀, rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa: bí yẹtí náà bá ní píálì tàbí iyùn lára, má ṣe gbé e súnmọ́ ooru. Ẹwà wọn yóò kú, kò sì sí ẹni tí yóò lè jí i padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Birmingham)

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Àǹtí Àdùkẹ́, mo kí ẹ̀yin náà. Birmingham ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà tí wọ́n ń pè ní Jewellery Quarter. Ibi tí mo jókòó sí kò jìnnà sí Vittoria Street, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wúrà ti wà láti 1890.

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo ní ìbéèrè kan. Ẹ yí yẹtí kan padà, kí ẹ fi awò wo ibi tí ọ̀pá ti kan ẹ̀yìn pẹlẹbẹ. Ṣé òje tí ẹ fi jó o pọ̀ kò rọ̀gbà yí ìdí ọ̀pá náà ká, bí òkè kékeré? Mo fura pé ohun tó ba súpá-gúlúù yín jẹ́ nìyẹn. Bí òje bá yọ gegele ní ìdí ọ̀pá, tí ihò inú pátákó sì jẹ́ ìwọ̀n ọ̀pá nìkan, pẹlẹbẹ náà kò lè jókòó. Orí gegele yẹn nìkan ni ó dúró lé, ìgbátí rẹ̀ sì wà lókè, súpá-gúlúù ló kàn kún àárín wọn. Bí irin yín bá ti wá tẹ ìgbátí kan, èkejì á gbéra, bí ìdérí ìkòkò tí kò jókòó dáadáa. Súpá-gúlúù ní agbára púpọ̀ bí a bá fà á lókè tààrà, ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣí i láti etí tàbí tí a gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í pẹ́ já.

Ohun tí èmi ń ṣe nìyí. Mo ní pẹlẹbẹ idẹ kan tó nípọn tó mílímítà 3. Mo lu ihò mílímítà kan sí i fún ọ̀pá, lẹ́yìn náà mo mú ẹnu dríìlì tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo fi ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta péré ní ẹnu ihò náà, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu fúnẹ́ẹ̀lì. Inú ibẹ̀ ni gegele òje yóò wọ̀, ẹ̀yìn yẹtí yóò sì wá dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ lórí idẹ. Mo máa ń fi sáńpépà ha ojú idẹ náà, mo sì ń fi ásítóònù, omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nu ọ̀rá ọwọ́ kúrò lára idẹ àti yẹtí. Ẹ̀kán súpá-gúlúù kan ṣoṣo tó. Bí ó bá pọ̀, ńṣe ni ó ń di tìmùtìmù sáàárín wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi mú, mo sì fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan sí i kí n tó fi irin kàn án. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń rẹ gbogbo rẹ̀ sínú ásítóònù nínú ìgò tó ní ìdérí, jìnnà sí iná, títí yóò fi tú sílẹ̀. Pátákó kò dára fún èyí, nítorí pé ara rẹ̀ ń mu súpá-gúlúù, ojú rẹ̀ a sì máa ṣí bí ìbó.

Pẹlẹbẹ idẹ yẹn ni mo wá ń fi fáìsì mú. Fáìsì tiwa níbí ni èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí bọ́ọ̀lù irin, tó jókòó sórí òrùka róbà. Àwọn ńlá wà tó wúwo ju kìlógíráàmù 10 lọ. Ó ń yí, ó sì ń dagun sí ibi tí a bá fẹ́, ìwúwo rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó sún. Bí mo bá ń fín ìlà tó tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi tó mú irin kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn. Ọwọ́ òsì ló ń yí bọ́ọ̀lù náà, iṣẹ́ ni ó ń wá bá irin. Ó ṣeé ṣe kí ìlà yín máa wọ́ nítorí pé pátákó yín dúró sójú kan, tí ọwọ́ yín sì ń gbìyànjú láti rìn yípo.

Àwọn kan wà tó ń lo róbà kan tí omi gbígbóná ń sọ di rírọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà a máa rọ̀ bí ó bá ti kọjá nǹkan bí 60°C, ó ń mọ́ gaara bí ó bá gbóná, ó sì ń funfun bí ó bá le. Ó dára fún ohun tí ara rẹ̀ rí wọ́kuwọ̀ku, ṣùgbọ́n fún pẹlẹbẹ mílímítà 5, ó ń tẹ̀ díẹ̀ jù lójú tèmi.

Nípa ọwọ́ tó ń gbọ̀n, Graham Short wà ní ìlú yìí, ẹni tó fín odindi Àdúrà Olúwa sí orí pínnì, abẹ́rẹ́ olórí tí a fi ń gún aṣọ pọ̀. Òru ló ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá lójú títì mọ́, àárín ìlùkìkì ọkàn kan sí òmíràn ni ó sì ń fi irin kàn án. Lẹ́tà mílímítà 2 kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè mọ̀ pé bí ó ti wù kí ọwọ́ ènìyàn gbó nínú iṣẹ́ tó, ara á máa mì, ilẹ̀ á máa mì, ìtọ́jú sì wà fún méjèèjì.

Àdùkẹ́ Oníyẹtí (Ìbàdàn)

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Àbúrò mi ní Birmingham, mo yí yẹtí mẹ́fà padà bí mo ti ka ọ̀rọ̀ yín tán. Òje wà ní ìdí ọ̀pá lára gbogbo wọn, òmíràn tilẹ̀ ga tó ìdajì mílímítà. Ọdún méje ni mo ti ń jó ọ̀pá mọ́ yẹtí, n kò rò ó rí pé yóò di ìṣòro fún mi níbòmíràn.

Fáìsì oníbọ́ọ̀lù tí ẹ sọ, mo ti wo iye tí wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí nínú ohun tí mo lè rà báyìí. Ohun kejì ni pé jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ mi wà lẹ́yìn ògiri, bí mo bá sì gbé ife omi sórí tábìlì, mo ń rí i tí ojú omi náà ń gbọ̀n. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn.

Onítúnaagoṣe (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo. Aago ni èmi ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ìdààmú kan náà ni wá, ìyẹn ni mo ṣe dá sí i.

Àǹtí Àdùkẹ́, ọ̀nà wà láti mọ̀ bóyá ọwọ́ ló ń gbọ̀n tàbí iṣẹ́ ló ń mì. Ẹ lẹ yẹtí bí ẹ ti máa ń ṣe, kí ẹ jẹ́ kí iná fìtílà kan tàn sí ojú rẹ̀ débi tí ẹ óò fi rí ìdán kan tó dúró lórí wúrà náà. Ẹ wá fi orí irin kan tó kúnú, kì í ṣe irin ìfín, tẹ ìgbátí rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ má sì mú ojú kúrò lára ìdán náà. Bí ìdán náà bá sún, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, yẹtí ló ń mì, ẹ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ yí ká ní ìgbátí mẹ́rin. Ojú lè má rí i pé pẹlẹbẹ gbéra, ṣùgbọ́n ìdán kì í purọ́, nítorí pé bí ojú wúrà bá yẹ̀ díẹ̀, ìdán orí rẹ̀ yóò sún ju bí ojú náà ti yẹ̀ lọ. Bí ìdán bá dúró tí ìlà sì wọ́, a jẹ́ pé ọwọ́ ni.

Ọwọ́ gbogbo ènìyàn ló ń gbọ̀n, nǹkan bí ìgbà 8 sí 12 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ara bá tilẹ̀ le koko. Kọfí ń fi kún un, ebi ń fi kún un, gbígbé ohun tó wúwo kí a tó jókòó sídìí iṣẹ́ ń fi kún un. A kò lè mú un kúrò, ṣùgbọ́n a lè so ọwọ́ mọ́ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ yín méjèèjì wà lórí tábìlì, kí àtàǹpàkò ọwọ́ tó mú irin sì kan ohun tí yẹtí lẹ̀ mọ́ gan-an, kì í ṣe tábìlì. Bí ọwọ́ àti iṣẹ́ bá wà lórí ohun kan náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ mì, wọn yóò jọ mì ni, ìlà kò sì ní mọ̀.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ògiri ń gbé ìgbọ̀nrìrì wọ inú tábìlì tó bá fara tì í. Ẹ fa tábìlì kúrò lára ògiri. Ẹ ṣe àpótí pẹlẹbẹ kan, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀ kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ wá gbé òkúta pẹlẹbẹ tó wúwo lé e, irú táìsì òkúta tó máa ń ṣẹ́kù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe orí tábìlì ìdáná. Orí òkúta yìí ni kí ẹ ti máa ṣiṣẹ́. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, n kò sì pa jẹnẹrétọ̀ mọ́ kí n tó tú aago ọwọ́ obìnrin.

Mo sì fẹ́ gbe ọ̀rọ̀ Bàbá lẹ́sẹ̀. Nínú aago aláfọwọ́yí, òkúta pupa kéékèèké méjì kan wà tó ń gba eyín kẹ̀kẹ́ kékeré inú aago dúró tó tún ń jọ̀wọ́ rẹ̀, lójoojúmọ́, láìsinmi. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n títí di òní, nítorí pé ó ń le, kì í tẹ̀, bí a bá sì fẹ́ sún òkúta náà ní ìwọ̀n irun orí, ooru díẹ̀ ti tó.

Afíngbá Ọ̀yọ́

Mo kí gbogbo ilé. Igbá ni èmi ń fín, kì í ṣe wúrà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ fáìsì tó rí bí bọ́ọ̀lù yìí, inú mi dùn, nítorí pé ohun tí à ń ṣe ní Ọ̀yọ́ nìyẹn láti ilé baba wa. Orí itan ni igbá ń jókòó sí, ọ̀bẹ kì í sáré, igbá ni à ń yí sí ẹnu ọ̀bẹ. Ẹni tó bá ń sáré fi ọ̀bẹ yí igbá ká, igbá rẹ̀ kì í ní ọnà tó gún.

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kò nílò láti ra bọ́ọ̀lù irin. Ẹ wá ààbọ̀ igbá kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yí róbótó dáadáa, kí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ po sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn, ẹ rọ ọ́ kún inú rẹ̀, kí ẹ sì ri bóòtù méjì sí àárín kí ó tó gan, kí orí wọn yọ sókè. Nígbà tí ó bá gan tán, yóò wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 5. Ẹ fi bóòtù wọ̀nyẹn de fáìsì kékeré mọ́ orí rẹ̀. Ẹ wá ká aṣọ tàbí okùn tó nípọn bí òṣùká tí a fi ń ru ẹrù, kí ẹ gbé ìdí igbá náà jókòó sínú rẹ̀. Yóò yí, yóò dagun síhìn-ín sọ́hùn-ún, ibi tí ẹ bá sì fi sí ni yóò dúró sí. Bí òṣùká ti ń mú ìkòkò omi dúró lórí ènìyàn tó ń rìn ni yóò ṣe mú un dúró fún yín.

Bàbá Fàdákà (Èkó)

Òṣùká! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ará Ọ̀yọ́. Àpò awọ tí a rọ iyanrìn sí ni àwa ń lò sábẹ́ igi ṣẹ́láàkì wa, ọgbọ́n kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí dára ju ti wa lọ.

Ọmọ mi tó wà ní Birmingham, n kò bá ọ jà lórí súpá-gúlúù, ṣùgbọ́n mo ní ìbẹ̀rù lórí rẹ̀. Bí a bá fi iná yọ ọ́, èéfín rẹ̀ ń ta ojú àti imú gidigidi, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa sì fẹ́ràn iná ju sùúrù lọ. Bákan náà, mo ti rí iyùn tí wọ́n pa láró kí wọ́n tó tà á, tí ásítóònù sì fọ àwọ̀ rẹ̀ dànù. Fún wúrà lásán, tí a sì rẹ ẹ́ títí tí yóò fi tú fúnra rẹ̀, mo gbà.

Àdùkẹ́, ohun kan tún wà tí kò sẹ́ni tó bi ọ́: báwo ni ẹnu irin rẹ ti mú tó? Gbé orí irin náà lé èékánná àtàǹpàkò rẹ, má tẹ̀ ẹ́, kàn gbé e lé e ní ìdagun. Bí ó bá dì í mú, ó mú. Bí ó bá yọ̀ lọ, kò mú. Irin tó kú ń fẹ́ agbára, agbára náà ló sì ń ṣí yẹtí kúrò lórí ibùsùn rẹ̀. Èmi máa ń pọ́n irin mi lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí ó bá tilẹ̀ dà bíi pé ó ṣì mú.

Àdùkẹ́ Oníyẹtí (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ẹni mi, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko dán gbogbo rẹ̀ wò kí n tó padà wá, nítorí pé n kò fẹ́ sọ ohun tí n kò tíì fọwọ́ ara mi ṣe.

Mo fi idẹ ṣe yẹtí mẹ́wàá fún ìdánwò, kí n má baà tún fi wúrà ṣòfò. Èyí tí mo lẹ̀ mọ́ pẹlẹbẹ idẹ láìfẹ ẹnu ihò, ìdán orí rẹ̀ sún nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí arákùnrin wa ní Abẹ́òkúta ti wí. Èyí tí mo fẹ ẹnu ihò rẹ̀, ìdán náà kò kúrò lójú kan. Lórí ṣẹ́láàkì, méjì àkọ́kọ́ ṣí nítorí pé n kò mú yẹtí gbóná tó. Nígbà tí mo ṣe é bí Bàbá ti sọ, n kò rí èyí tó ṣí mọ́. Ṣẹ́láàkì ni mo yàn fún wúrà lásán, nítorí pé mo lè tún yẹtí tẹ́ bí kò bá gún, láìdúró de ásítóònù. Súpá-gúlúù ni mo fi sílẹ̀ fún èyí tí ooru kò gbọdọ̀ kàn, lẹ́yìn tí mo bá ti dán ásítóònù wò lára òkúta rẹ̀ níbi tí ojú kò ti rí i.

Igbá onísìmẹ́ǹtì náà ti gan. Orí òṣùká tí mo fi aṣọ àǹkárá àtijọ́ ká ni mo gbé e sí, òkúta pẹlẹbẹ àti iyanrìn sì wà nísàlẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri lánàá nígbà tí mo fín lẹ́tà T fún ọmọ kan, mo sì gbé ife omi sórí òkúta náà kí n tó bẹ̀rẹ̀: ojú omi náà pa rọ́rọ́. Lẹ́tà S ni ó ṣì ń fún mi ní wàhálà, ṣùgbọ́n mo ti ń kọ́ bí ọwọ́ òsì ṣe ń yí igbá.

Ìbéèrè kan ló kù. Méjì méjì ni yẹtí. Báwo ni ẹ ṣe ń mú kí lẹ́tà méjèèjì rí bákan náà, kí ọ̀kan má tẹ̀ ju èkejì lọ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Birmingham)

Àǹtí mi, inú mi dùn gan-an. Ẹ lu ihò méjì sára pẹlẹbẹ idẹ kan ṣoṣo, kí àárín wọn jẹ́ mílímítà 8, kí ẹ lẹ àwọn méjèèjì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣẹ́láàkì náà lè wà lórí idẹ yìí dípò igi, bí ẹ bá ti mú idẹ gbóná pẹ̀lú. Ẹ fi rúlà irin fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ méjì já ojú yẹtí méjèèjì, ọ̀kan fún orí lẹ́tà, ọ̀kan fún ìdí rẹ̀, láìgbé rúlà náà kúrò láàárín yẹtí kìíní àti èkejì. Ẹ má ṣe parí ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ẹ fín ìlà òòró ti ọ̀tún, kí ẹ fín ìlà òòró ti òsì, kí ẹ tó padà sí ìlà ìbú ti ọ̀tún, kí irin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lè fín ibì kan náà lára àwọn méjèèjì. Ẹ kò sì gbọdọ̀ tú ọ̀kankan kúrò lórí idẹ títí tí ẹ óò fi wo àwọn méjèèjì papọ̀ lábẹ́ awò, nítorí pé bí ẹ bá ti tú u, ẹ kò lè dá a padà sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an mọ́.